Àdúrà Tí Ọwọ́ Ń Gbà: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Àdìrẹ Ẹlẹ́kọ Tún Inú Yín Ṣe

Bí àdúrà bá ti di àkọ́sórí, tí ẹnu ń wí i tí ọkàn sì ti ṣíwájú dé ọjà, ẹ jẹ́ kí ẹnu sinmi fún ìgbà díẹ̀, kí ọwọ́ gbà á. Ohun tí mò ń kọ́ àwọn obìnrin tó ń wá sí àgbàlá mi ní Ìjọ́kà, ní Àkúrẹ́ níbí, lọ́sàn-án Sátidé nìyẹn. Aránṣọ ni mí. Ìyá tó bí ìyá mi ló jẹ́ aláró, ní Òdòjọ̀mù nílùú Oǹdó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò wọn ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń po ẹ̀kọ àdìrẹ, kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ. Màmá ò pe iṣẹ́ náà ní àdúrà o, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n wọn ò ní ṣí ìdérí ìkòkò aró láì kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ bá wọn fa ọ̀rọ̀ títí aṣọ yóò fi jáde.

Nínú gbogbo iṣẹ́ ọnà, ẹlẹ́kọ ni mo mú. Orin dára, ewì dára, ìlẹ̀kẹ̀ sínsín dára. Àdìrẹ oníko tí wọ́n ń fi ìko di náà dára, àmọ́ ẹni tó ń dì í lè máa rojọ́ aládùúgbò lọ títí yóò fi parí, mo ti rí i. Ẹlẹ́kọ ò gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹ bá fi ẹ̀kọ yà ni aró ò ní wọ̀, òun ni yóò funfun nígbẹ̀yìn. Kí aró tó dé, ẹ̀kọ funfun lórí aṣọ funfun lẹ ó máa wò, kò sí nǹkan tó lẹ́wà tí ẹ ó máa fi yangàn. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ wu òun lójú ẹsẹ̀, kó lọ ra ọ̀dà.

Ohun tí ẹ ó rà

Ẹ má ra nǹkan púpọ̀. Ọ̀pá kan aṣọ funfun tó jẹ́ òwú pọ́ńbélé ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ní Ọjà Ọba, gbogbo aláṣọ ni yóò búra fún yín pé òwú ni. Ẹ ní kó fa fọ́nrán kan nínú rẹ̀, kí ẹ ṣáná sí i. Òwú a jó di eérú tó rọ̀, òórùn ìwé tó ń jó ni yóò máa rùn. Èyí tó bá yọ́, tó wá dì ní kókó líle, ọ̀rá ni, aró ò ní mú un.

Ẹ ra láfún tó kúnná dáadáa àti álọ́ọ̀mù díẹ̀. Fún ìyẹ́ tí ẹ ó fi ya ẹ̀kọ sáṣọ, ẹ lọ bá àwọn tó ń pa adìẹ lọ́jà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa fún yín, wọ́n á sì máa wò yín bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Ìyẹ́ apá tó gùn ni kí ẹ ṣà, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a sóòrùn. Ẹ ṣà ju ẹyọ kan lọ, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ẹ yọ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan sí i fún tótòtó, àwọn àmì kéékèèké tí ẹ ó máa tò.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá ra aṣọ náà, ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Aṣọ tuntun máa ń ní ohun tí wọ́n fi mú un le lára, kì í jẹ́ kí aró wọlé. Ẹ pa rédíò. Ìfọṣọ lásán ló jọ, àmọ́ iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀kọ pípò

Ago láfún kan, omi ago márùn-ún, álọ́ọ̀mù lílọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré. Ẹ fi omi tútù po láfún kí ẹ tó gbé e kaná, kí ẹ sì fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ, torí koro kékeré kan ti tó láti ba ojú ìlà jẹ́. Iná pẹ̀lẹ́ ni. Ẹ máa rò ó, ẹ má gbé ọwọ́ dúró. Bó bá ti ń ki, ẹ da álọ́ọ̀mù sí i kó má bàa tètè kan. Ó tó nígbà tó bá ń ṣàn láti orí ṣíbí bí ẹ̀kọ mímu tí wọ́n pò fún aláìsàn. Tó bá ki jù, yóò fọ́ lórí aṣọ, aró á gba ojú ibẹ̀ wọlé. Tó bá ṣàn jù, gbogbo ìlà yín á pàdé ara wọn. Ẹ jẹ́ kó tutù.

Láàárín rírò yìí, mo máa ń ní kí olúkúlùkù mú orin kan ṣoṣo, kó máa kọ ọ́ sábẹ́ ohùn títí ẹ̀kọ yóò fi jinná. Orin ìsìn ni o, ti òde ni o, kò kàn mí. Ẹni tó bá ń yí orin padà ṣáá, ọkàn rẹ̀ ò tíì jókòó, kó ṣì máa rò ó lọ.

Yíyà

Ẹ ká aṣọ sí mẹ́ta lóròó, kí ẹ ká a sí mẹ́ta níbùú, kí ẹ fi èékánná tẹ ojú ìká. Yóò di yàrá mẹ́sàn-án. Àwọn ìyá wa náà máa ń pín aṣọ ní yàrá yàrá báyìí, wọ́n á sì fi ohun tójú wọn ń rí kún un. Nínú Ìbàdàndùn, ọ̀kan lára àwọn àdìrẹ wọn, ẹ ó rí ṣíbí, ẹ ó rí òpó Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929. Nígbà tí George Karùn-ún, ọba Gẹ̀ẹ́sì, pé ọdún 25 lórí oyè ní 1935, àwọn aláàdìrẹ ya òun àti ayaba rẹ̀ sáṣọ, wọ́n sì pe aṣọ náà ní Olóba. Bí wọ́n bá lè ya ọba tí wọn ò fojú kàn rí, kí ló dé tí ẹ ò fi ní lè ya ìbànújẹ́ tó ń bá yín jí lójoojúmọ́?

Yàrá kan, ìjókòó kan. Ẹ má fi kún un, ì báà jẹ́ pé ọwọ́ ń yún yín. Ẹ gbé fóònù jìnnà. Ẹ bi ara yín léèrè pé: kí ló wúwo jù lọ́kàn mi lónìí? Ìdáhùn àkọ́kọ́ kì í sábà jẹ́ òun gan-an, owó ni ẹnu máa ń kọ́kọ́ dá. Ẹ dúró kí ìkejì dé. Bó bá dé, ẹ fi ìka ya á sórí yẹ̀pẹ̀ nílẹ̀, kí ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tún un yà, títí yóò fi di àmì kékeré kan tí ọwọ́ lè yà láì ronú. Ó lè jẹ́ ìlà tó ń wọ́, ó lè jẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó lè jẹ́ àwo òfìfo. Tí nǹkan kan ò bá wá, ẹ yá ọ̀kan lára ti àwọn ìyá wa: ewé ẹ̀gẹ́, ẹyẹ, gángan, àkekèé, wàláà. Wàláà yìí, pátákó tí ọmọ kéwú fi ń kọ́ Kùránì, ó ti pẹ́ lára àdìrẹ. Àwọn Mùsùlùmí tó ń wá sọ́dọ̀ mi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, torí kò lójú, kò nímú.

Ẹ tẹ́ aṣọ sórí pátákó tó tẹ́jú. Ẹ ti ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ, kí ẹ nù ún létí abọ́, kí ẹ máa wọ́ ọ bọ̀ sọ́dọ̀ ara yín. Ojú aṣọ kan ṣoṣo là ń yà. Àmì kan, gbólóhùn àdúrà kan: “Olúwa, mo fà á lé Ọ lọ́wọ́.” Àmì mìíràn, gbólóhùn kan náà. Bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe títí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò fi kún. Bó bá dé ìdajì, ó máa sú yín. Ibi tó ti sú yín yẹn gan-an ni kí ẹ má ti dìde, torí ohun tí ẹ ti ń sá fún látàárọ̀ sábà máa ń yọjú níbẹ̀.

Àbúrò kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì gbé rúlà wá lọ́jọ́ kan.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n kúkú fi rúlà fà á kó lè gún?”

“Kí lo fẹ́ kó gún sí?”

“Kó lè dáa lójú ni, mà.”

“Lójú ta ni?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó dá rúlà padà sínú báàgì. Ìlà rẹ̀ ọjọ́ náà ń gbọ̀n láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó yá ló sọ pé ọ̀rọ̀ ìyá òun tó ń ṣàìsàn ni òun fi sínú yàrá yẹn. Rúlà ì bá ti gbé ìyẹn mì. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń mú rúlà wọ àgbàlá mi.

Ẹ̀kọ tó bá kán síbi tí ẹ ò fẹ́, ẹ má nù ún, àbàwọ́n lásán ni yóò dà. Ẹ fi tótòtó yí i ká kó di nǹkan.

Fún yàrá ìbínú, ẹ má tiraka kó lẹ́wà. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ sáré, kí ìyẹ́ ya, ìdí tí mo fi ní kí ẹ ṣà ju ẹyọ kan lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Aráyé á kà á, ìjà tuntun á bẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ yín ò yẹ ní ohun tí ẹ ó fi ṣe aṣọ lọ́ṣọ̀ọ́.

Yàrá ọpẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ẹsẹ̀ wọ́. Ọpẹ́ gbogbogbòò ò ní àwòrán. “Mo dúpẹ́ fún ẹ̀mí,” kí lẹ ó yà níbẹ̀? Àmọ́ “mo dúpẹ́ fún ọlọ́kadà tó gbé mi dé ilé ìwòsàn lálẹ́ òjò, tí kò gba kọ́bọ̀,” ẹ ti rí táyà, ẹ ti rí òjò. Ẹ wá ọpẹ́ tó lójú, tó nímú.

Opó kan wà láàárín wa, èèyàn jẹ́jẹ́. Tótòtó ẹnu ìgbálẹ̀ ló fi kún gbogbo yàrá tó wà létí, kò ya nǹkan mìíràn. Nígbà tó kan ti àárín, ó ti ọwọ́ bọ abọ́ ẹ̀kọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kùn ún pátápátá. N ò bi í ní nǹkan kan. Nígbà tí a ha ẹ̀kọ kúrò lẹ́yìn aró, ibi gbogbo dúdú, ó kún fún tótòtó, àárín nìkan ló funfun báláú. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, “Ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí nìyẹn.”

Bí wọ́n bá bi yín pé irú àdúrà wo nìyí

Wọ́n á bi yín, pàápàá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Áńgílíkà ni mí, ẹgbẹ́ akọrin ni mo wà, wọ́n ti bi mí títí. Ìwé Ẹ́kísódù orí 35 ni mo máa ń ní kí wọ́n lọ kà. Bésálẹ́lì ọmọ Úrì, Ọlọ́run fi Ẹ̀mí kún un fún iṣẹ́ ọnà, aṣọ aláró sì wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe àgọ́ ìpàdé. Nítòsí wa níbí, ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Fádà Kevin Carroll àwọn Kátólíìkì darí ibi iṣẹ́ ọnà kan láti 1947 sí 1954. Agbẹ́gilére bíi Bandele ọmọ Arówóògùn àti Lamidi Fakeye ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ ìtàn Bíbélì sára igi lọ́nà tí baba wọn ń gbà gbẹ́ igi. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbàgbé ọnà Yorùbá kí wọ́n tó wọlé.

Onísìn àbáláyé ní ti wọn mọ Ìyá Mapó, òrìṣà tó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, aró àti ìkòkò mímọ. Susanne Wenger, ayàwòrán òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Òṣogbo, fi ẹ̀kọ láfún ya ìtàn òrìṣà sórí aṣọ ńláńlá. Bí aṣọ Olókun, àdìrẹ tí wọ́n fi orúkọ òrìṣà òkun pè, bá ń dẹ́rù bà yín, ẹ má yà á. Ẹni tí ẹ ó pè nígbà tí ẹ bá ń wọ́ ìyẹ́, ọ̀rọ̀ yín ni, n ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìyẹn.

Aró

Ẹ̀kọ gbọ́dọ̀ gbẹ kanrangandan kí aṣọ tó rí aró. Ọ̀nà méjì ló wà. Màmá ń gún ewé èlú, wọ́n ń ṣù ú, wọ́n ń sá a. Eérú èèpo kókó, tí kò wọ́n ní ilẹ̀ Oǹdó, ni wọ́n ń kó sínú ìkòkò tó nihò nídìí, wọ́n á da omi sí i, kó máa ro sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Omi eérú yìí ni wọ́n fi ń rẹ èlú, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó dé ojú ẹ̀. Òórùn rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí ẹ bá ní àyè tó fẹ̀ àti aládùúgbò onísùúrù, ọ̀nà yìí ló wù mí jù fún irú iṣẹ́ yìí, torí ìkòkò ló ń sọ ìgbà tó ṣetán, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ọ̀pọ̀ wa ń lo aró òyìnbó pẹ̀lú kọ́sítíìkì àti haidirósì, àwọn kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí aró náà wọ aṣọ. Níbí, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí dúró ná, kí ẹ la ojú yín. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é. Kọ́sítíìkì ni ẹ ó dà sínú omi, ẹ má da omi lé kọ́sítíìkì lórí, yóò ta yín lójú. Bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke ni kí ẹ lò, kì í ṣe ìkòkò alumíníọ̀mù, nítorí kọ́sítíìkì máa ń jẹ ẹ́. Ẹ má tọ́jú èyí tó bá ṣẹ́kù sínú ìgò omi mímu láé, ọmọdé ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ìwọ̀n tí ẹni tó ta aró fún yín bá sọ ni kí ẹ tẹ̀lé. Kí omi aró tutù kí aṣọ tó wọ̀ ọ́, torí omi gbígbóná á yọ́ gbogbo ohun tí ẹ yà.

Ẹ rẹ aṣọ wọlé pẹ̀lẹ́, kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má fún un, ẹ má fi pa ara wọn. Nígbà tí ẹ bá fà á jáde, àwọ̀ ewé ni yóò ní. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, yóò yí di aró lójú yín. Àwọn tó kọ́kọ́ rí i máa ń pariwo, mi ò kí ń dá wọn lẹ́kun. Ẹ sá a, kó gbẹ, kí ẹ tún un rẹ, títí yóò fi dúdú tó bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ. Wọ́n ní inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde; lọ́dọ̀ aláró, a kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ní òwe.

Lẹ́yìn tó bá gbẹ tán, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù kí ẹ̀kọ rọ̀, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha á kúrò, yàrá kan lẹ́yìn èkejì. Ẹ má ha gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ẹni ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ẹ wo yàrá kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń yọ, ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ yà á.

Kíka aṣọ náà

Kí ẹ tó rẹ aṣọ, kí ẹ ti fi ìyẹ́ kọ oṣù àti ọdún sí etí rẹ̀. Bí aṣọ bá ti di mẹ́ta mẹ́rin, ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀ pọ̀, kí ẹ wo àmì tó ń padà wá. Nínú aṣọ ìyá kan, ilẹ̀kùn títì ló wà níbi gbogbo, kódà nínú yàrá ọpẹ́, òun fúnra rẹ̀ ò sì mọ̀ títí a fi tẹ́ ẹ sílẹ̀. Odindi ọ̀sán ọjọ́ yẹn la fi sọ̀rọ̀ ẹni tó tilẹ̀kùn mọ́. Níbi tí ẹ bá ti rí irú rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ aṣọ tó kàn. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé oorun ò kun yín mọ́, tí oúnjẹ ò lọ, tí ikú ń wọ èrò yín, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sọ fún ẹni tó sún mọ́ yín. Ìyẹ́ adìẹ ò ká ìyẹn.

Wọ́n á ní kí ẹ ta aṣọ náà. Ẹ má tà á. Ẹni tó bá fẹ́ fi àdìrẹ ṣòwò, òwò gidi ni, ẹ wo ibi tí Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì tí wọ́n bí ní 1951, gbé e dé, àti iye èèyàn tó kọ́ níṣẹ́. Aṣọ mìíràn ni kí ẹ ṣe fún ọjà, pẹ̀lú rúlà bó bá wù yín. Èyí, ẹ fi bo orí tábìlì tí ẹ ti ń ka Bíbélì tàbí Kùránì, ẹ fi bora sùn, ẹ fi pọn ọmọ.

Òun nìkan ni kí ẹ máa fọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, torí aró yóò máa ṣí díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi bílíìṣì kàn án, abẹ́ ìbòji ni kí ẹ ti sá a. Omi aró oníkọ́sítíìkì, ẹ má dà á sí ẹ̀gbẹ́ kànga tàbí ìdí ẹ̀fọ́. Ẹ̀kọ tó bá sì ṣẹ́kù sínú abọ́, ẹ má gbé e fún ewúrẹ́, álọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀.